Bí jíà inú ẹ̀rọ àárín kẹ̀kẹ́ oníná ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ lórí òkè Èkìtì

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wa kẹ̀kẹ́ ológere láti Àrámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé inú ọ̀rọ̀ náà "òkìtì" ni orúkọ Èkìtì ti jáde. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí kẹ̀kẹ́ oníná tí kò ní sáré. Òkè ni yóò sọ bóyá ẹni tó ń gùn ún mọ bí agbára ṣe ń ti inú ẹ̀rọ dé ara táyà. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ti ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, fún ẹni tó ń gbèrò láti rà á, àti fún àwọn mẹ́káníìkì ọ̀kadà wa, tí ọwọ́ wọn ti mọ jíà àti ṣéènì tipẹ́, tí wọn yóò sì rí i pé ohun tó wà nínú ẹ̀rọ kékeré yìí kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ wọn.

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ oníná. Ọ̀kan máa ń wà ní àárín gbùngbùn táyà, ó sì ń yí táyà náà ní tààrà. Èkejì máa ń wà nísàlẹ̀ férémù, níbi tí ọ̀pá tí pẹ́dà méjèèjì so mọ́ ti gba inú kẹ̀kẹ́ kọjá, òun sì ni mo ń pè ní ẹ̀rọ àárín. N kò pè é ní mọ́tò, nítorí pé ọkọ̀ ni mọ́tò lẹ́nu wa. Ẹ̀rọ àárín kì í fọwọ́ kan táyà rárá. Ṣéènì ló ń fà, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń fà á, nítorí náà gbogbo jíà ẹ̀yìn tó ń mú òkè rọrùn fún ẹsẹ̀ ló ń mú un rọrùn fún ẹ̀rọ náà pẹ̀lú.

Jíà wà nínú ẹ̀rọ náà gan-an, jíà sì tún wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ níta. Jíà inú kì í yí padà: ìwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe é láti ilé iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì wà títí tí yóò fi gbó. Jíà ìta nìkan ni a lè pààrọ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ yìí rò pé ẹ̀rọ náà ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, bí ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Èrò yìí ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́ jù lọ. Lóòótọ́, àwọn kan wà tí wọ́n kó jíà tó ń yí padà pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ nínú àpótí kan, bíi èyí tí Pinion ṣe ní Jámánì àti èyí tí Valeo ṣe ní Faransé, ṣùgbọ́n wọn kò wọ́pọ̀, owó wọn sì ga.

Ìdí tí ẹ̀rọ fi nílò jíà nínú

Eré ni ẹ̀rọ iná kékeré fi ń ṣe agbára. Òòfà líle ni wọ́n tò sí ara ọ̀pá tó ń yí, wọ́n sì wé wáyà bàbà mọ́ irin yí i ká. Bí iná bá ti ń gba inú wáyà náà kọjá ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, òòfà á máa sá tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí á mú ẹ̀rọ wáàtì 750 tó ń yí ní ìgbà 2,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Agbára ìyípo rẹ̀, ìyẹn agbára tí ọ̀pá rẹ̀ fi ń lọ́ ohun tó bá so mọ́ ọn, kò ju Newton-mítà 3.3 lọ, èyí tó dà bí ìgbà tí ẹ bá di ìdí igi tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 33 mú, tí ẹnì kan sì so ẹrù kíló 1 mọ́ ṣóńṣó rẹ̀. Irú agbára bẹ́ẹ̀ kò lè gbé àgbàlagbà gun òkè. Ẹsẹ̀ ènìyàn, ní tirẹ̀, kì í sábà yí pẹ́dà ju ìgbà 60 sí 90 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. A gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà láti fi eré tó pọ̀ jù ra agbára tó kéré jù.

Àwọn ohun tó ń ṣe irú pàṣípààrọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ẹ wo ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́: bí púlì tó wà lára ẹ́ńjìnnì bá kéré, tí èyí tó wà lára ẹ̀rọ náà sì tóbi, ẹ̀rọ náà á máa yí díẹ̀díẹ̀ ju ẹ́ńjìnnì lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kò ní lè dá a dúró. Ẹ sì wo ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ti àwọn télọ̀, tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀: wíìlì ńlá ìsàlẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń yí, wíìlì kékeré òkè sì ń sáré, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ lè fi ìka kan dá a dúró. Bí kékeré bá yí ńlá, eré dínkù, agbára pọ̀ sí i. Bí ńlá bá yí kékeré, eré pọ̀ sí i, agbára dínkù.

Nínú ẹ̀rọ àárín, eyín ló rọ́pò bẹ́líìtì. A ń ka eyín láti mọ iye ìdínkù: ẹ fi iye eyín jíà kékeré pín iye eyín jíà ńlá tó ń yí. Fún àpẹẹrẹ, bí jíà kékeré ẹnu ọ̀pá òòfà bá ní eyín 10, tí èyí tó ń yí sì ní 44, ìdínkù àkọ́kọ́ jẹ́ 4.4. Bí jíà kékeré kejì, tó wà lórí ọ̀pá kan náà pẹ̀lú ńlá yẹn, bá ní eyín 12, tí jíà ńlá ìkẹyìn sì ní 60, ìdínkù kejì jẹ́ 5. A kì í ro méjèèjì pọ̀; ńṣe ni a ń sọ wọ́n di púpọ̀, 4.4 lọ́nà 5, tó jẹ́ 22. Ọ̀pá òòfà á yí ní ìgbà 22 kí jíà iwájú, ìyẹn èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà tí ṣéènì wé mọ́, tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan bí 22 yìí ni ìdínkù inú Bafang BBS02 àti BBSHD, àwọn ẹ̀rọ tí a lè rà lọ́tọ̀ kí a sì dè mọ́ kẹ̀kẹ́ lásán. Ẹ̀rọ wa tó ń yí ní 2,200 á wá máa yí jíà iwájú ní ìgbà 100, Newton-mítà 3.3 á sì di nǹkan bí 72, àfi ìwọ̀nba tó bá ṣòfò sínú ooru àti ariwo.

Ọ̀nà tí agbára ń gbà kọjá

Ìdí tí wọ́n fi pín ìdínkù náà sí ẹsẹ̀ méjì, ìyẹn ìpele méjì, tí wọn kò ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ni pé jíà tí yóò fi eyín 10 ṣe ìdínkù 22 ní láti ní eyín 220, kò sì sí àyè fún irú àwo bẹ́ẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́.

Jíà ńlá àkọ́kọ́ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí jẹ́ oníke, irú ike líle tí wọ́n ń pè ní nylon. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń bínú sí èyí, tí wọ́n ń sọ pé ẹni tó ṣe é fẹ́ fi owó pamọ́. Mo rò pé wọn kò rò ó dé ibi tó yẹ. Ibi ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ni eré ti pọ̀ jù, bí eyín irin bá sì ń lu eyín irin lórí ọ̀pá tó ń yí ní ìgbà 2,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ariwo rẹ̀ á gba àdúgbò kan. Ike ń pa ariwo mọ́ra. Bákan náà, agbára ìyípo ṣì kéré níbẹ̀, nítorí náà ike lè gbà á. Ní ẹsẹ̀ kejì, níbi tí agbára ti di ìlọ́po, irin líle ni wọ́n ń lò. Ìdí kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú mi: bí ohun kan bá há ṣéènì lójijì, jíà oníke ni yóò kọ́kọ́ fá, yóò sì gba ọ̀pá, òòfà àti kọ̀ntírólà tó ń darí iná là. Jíà tí a lè rà ní ẹyọ kan sàn láti pàdánù ju odindi ẹ̀rọ lọ. Àwọn kan ń tà jíà onírin tí a lè fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá fi sí i ti yan ariwo, ó sì ti gbé ibi tí nǹkan yóò ti ṣẹ́ lọ sí ibòmíràn.

Ẹ tún kíyè sí i pé eyín àwọn jíà ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ yìí kì í sábà dúró ṣánṣán. Ńṣe ni wọ́n fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Eyín tó dúró ṣánṣán máa ń bára wọn pàdé gbàù lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n eyín tó fì máa ń kọ́kọ́ fi ìgun kan kan ara wọn kí ó tó tẹ̀ síwájú, èyí tó ń mú kí ìró náà rọ̀, tí ẹrù sì ń pín sórí ju eyín kan lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń ti ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà bẹ́árìn tó di ọ̀pá náà mú gbọ́dọ̀ le dáadáa.

Lẹ́yìn jíà, fíríwíìlì méjì ló tún wà nínú lọ́hùn-ún, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. Gbogbo ẹni tó ti gun kẹ̀kẹ́ rí mọ fíríwíìlì táyà ẹ̀yìn, tó ń jẹ́ kí táyà máa lọ nígbà tí ẹsẹ̀ bá dúró. Ti inú ẹ̀rọ náà ń ṣe bákan náà: irin róbótó kéékèèké ló há sínú àyè tó fún sí apá kan, bí a bá yí i sí iwájú wọ́n á há, wọ́n á sì fà, bí a bá yí i sẹ́yìn wọ́n á tú. Àkọ́kọ́ wà láàárín ẹ̀rọ àti jíà iwájú, kí ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti tán má bàa máa fi ẹsẹ̀ yí òòfà ní ìlọ́po 22. Èkejì wà láàárín ọ̀pá pẹ́dà àti jíà iwájú, kí ẹ̀rọ má bàa máa gbá pẹ́dà mọ́ yín lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹ bá dúró.

Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló gba ọ̀nà kan náà. Brose, ní Jámánì, fi bẹ́líìtì rọ́pò jíà ẹsẹ̀ kan nínú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀rọ Bosch ti ìran kejì lo jíà iwájú kékeré tó ń yí ní ìgbà 2.5 fún yíyí pẹ́dà kan, débi pé eyín 15 rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ eyín 37 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá rí jíà kékeré bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ yára pààrọ̀ rẹ̀ sí ńlá.

Ìṣirò òkè kan

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ yín wọn kíló 100, ẹ sì ń gun òkè tó ń fi mítà 10 ga sí i ní gbogbo mítà 100. Agbára tó ń fà yín sẹ́yìn yóò sún mọ́ Newton 106. Bí táyà bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 70, Newton-mítà 37 ni táyà ẹ̀yìn nílò, bí ẹ bá sì ń lọ ní kìlómítà 10 ní wákàtí kan, táyà náà á máa yí ní ìgbà 76 láàárín ìṣẹ́jú kan. Agbára tí òkè náà ń gbà kò ju nǹkan bí wáàtì 300 lọ. Ẹ̀rọ wáàtì 750 kò yẹ kó mí hẹlẹ lórí rẹ̀.

Ẹ wá wo jíà. Ká ní iwájú ní eyín 44, tí ẹ sì fi ẹ̀yìn sí ìkékeré jù, eyín 11. Jíà iwájú yóò máa yí ní ìgbà 19 péré, yóò sì ní láti fi Newton-mítà 148 fà. Nínú lọ́hùn-ún, òòfà ń yí ní nǹkan bí 418 dípò 2,200, nǹkan bí Newton-mítà 30 sì ń tẹ eyín jíà oníke. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn sí eyín 34, òkè kan náà, iyára kan náà, jíà iwájú á máa yí ní nǹkan bí 59, agbára ìyípo á jẹ́ 48, òòfà á máa yí ní nǹkan bí 1,290, ohun tó sì ń tẹ jíà oníke kò ní pé Newton-mítà 10. Ìlọ́po mẹ́ta ni ìyàtọ̀ náà. Iná tó ń gba wáyà kọjá ń pọ̀ bí agbára ìyípo bá ṣe ń pọ̀, ooru wáyà sì ń pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po: iná ìlọ́po mẹ́ta ń mú ooru ìlọ́po mẹ́sàn-án wá. Ooru yẹn kì í dúró sínú wáyà. Ó ń lọ sínú irin, láti inú irin sínú jíà oníke, ike tó bá sì ti gbóná kì í le mọ́ bíi ti ìgbà tó tutù. Ẹrù wúwo àti ooru á wá dé bá a lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí ojú mi rí nìyí lára kẹ̀kẹ́ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó gbé e wá bá mi ní Adó. Ẹ̀rọ ń hó, kẹ̀kẹ́ kò lọ. Nígbà tí a ṣí i, eyín jíà oníke ti fá bí àgbọn tí a rin. Mo bi í pé, "Bàbá, jíà ẹ̀yìn wo lẹ fi ń gun òkè?" Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó tà á fún mi ní ẹ̀rọ yìí lágbára, pé n kò nílò láti fọwọ́ kan jíà mọ́." Ó dùn mí fún un, nítorí pé gbólóhùn kan ṣoṣo ló ná an ní jíà náà.

Nítorí náà, ẹ bọ́ sí jíà ẹ̀yìn tó tóbi kí ẹ tó dé ìdí òkè, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti wà láàárín rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí jíà, ẹ dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀rọ náà lè sinmi ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí pé ṣéènì tí ẹ̀rọ ń fà gidigidi nígbà tó ń fò láti orí jíà kan sí èkejì lè já. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín máa yí ní nǹkan bí 60 sí 80 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹsẹ̀ bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀rọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Bí a ṣe ń fi etí mọ ibi tó ti bàjẹ́

Bí ìró tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé táyà ẹ̀yìn sókè, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ka ìró náà mọ́ yíyí jíà iwájú. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí ó bá ń dún lẹ́ẹ̀kan fún yíyí kan, jíà ńlá ìkẹyìn tàbí jíà iwájú fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ó bá ń dún ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, jíà oníke ni, nítorí pé ó ń yí ní ìgbà 5 fún yíyí kan ti jíà iwájú. Ìró tó yára tí a kò lè kà mọ́, tó ń han bí ẹ̀fọn, sábà máa ń wá láti ara bẹ́árìn ọ̀pá òòfà.

Bí ẹ̀rọ bá ń yí tí ṣéènì kò lọ, jíà oníke ti fá tàbí fíríwíìlì àkọ́kọ́ kò há mọ́. Bí pẹ́dà bá wúwo gan-an nígbà tí iná kò sí, fíríwíìlì àkọ́kọ́ ti há pa, ẹsẹ̀ yín ló sì ń yí òòfà. Bí pẹ́dà bá ń yí fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń fà, fíríwíìlì kejì ni.

Bí a ṣe ń ṣí i àti bí a ṣe ń fi gíríìsì sí i

Ẹ yọ bátìrì kúrò pátápátá, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí pé iná díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú kọ̀ntírólà. Ẹ fọ ìta rẹ̀ kí ẹ tó fi sípánà kàn án. Erùpẹ̀ pupa tí ọyẹ́ ń gbé kiri àti ẹrẹ̀ ìgbà òjò lágbára bí yanrìn tí a fi ń lọ ọ̀bẹ. Bí ó bá bọ́ sínú jíà, ó sàn kí ẹ má tilẹ̀ ṣí i. Ẹ má ṣe fi omi tó ń tú pẹ̀lú agbára fọ̀ ọ́, aṣọ tútù àti búrọ́ọ̀ṣì tó.

Nínú ọ̀pọ̀ irú èyí tí a ń dè mọ́ kẹ̀kẹ́, apá tí ṣéènì wà ni ìdérí jíà wà. Ẹ tú jíà iwájú, lẹ́yìn náà ẹ tú àwọn síkúrúù ìdérí náà ní ìkọjúsíra, díẹ̀díẹ̀, kí ó má bàa tẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo nǹkan bí ó bá ṣe ń jáde, kí ẹ sì tò wọ́n sórí aṣọ funfun ní ẹsẹẹsẹ. Ẹ má ṣe fa ọ̀pá òòfà jáde bí kò bá pọndandan: òòfà náà lè fa sípánà mọ́ra kí ó sì gbá ìka yín, irin wẹ́wẹ́ tó bá sì lẹ̀ mọ́ ọn ṣòroó yọ.

Ẹ nu gíríìsì àtijọ́ kúrò, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Bí ó bá ń dán bí ẹni pé wọ́n da fàdákà lúbúlúbú sí i, irin ń jẹ irin. Bí èérún ike bá wà nínú rẹ̀, ẹ yí jíà oníke náà yípo, kí ẹ sì wo eyín kọ̀ọ̀kan. Eyín tó ti tín-ín-rín ju àwọn tó kù lọ, tàbí tó ti ya nídìí, ti tó láti pààrọ̀. Gíríìsì tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀ pé kì í ba ike jẹ́ ni kí ẹ lò. Ẹ fi ìka pa á mọ́ ara eyín gbogbo kí ó bò wọ́n, kì í ṣe kí ẹ kún àpótí náà. Gíríìsì tó pọ̀ jù á gbóná, á ṣàn, á sì wọ ibi tí òòfà àti wáyà wà. Inú fíríwíìlì kì í fẹ́ gíríìsì tó nípọn, nítorí pé ó lè dí irin róbótó wọ̀nyẹn lọ́wọ́ láti há.

Nígbà tí ẹ bá ń dá ìdérí padà, ẹ fi ọwọ́ yí jíà iwájú kí eyín lè wọ eyín kí ẹ tó fún síkúrúù. Ẹ má ṣe fi síkúrúù fà á wọlé. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ní pàtàkì bí òjò bá ti ń sún mọ́lé. Ẹ fi ọwọ́ yí pẹ́dà síwájú àti sẹ́yìn kí ẹ tó dá bátìrì padà, kí ẹ sì fi etí sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi agbára tó kéré jù lọ wà á lórí ilẹ̀ títẹ́jú fún kìlómítà díẹ̀, ẹ fọwọ́ kan àpótí náà láti mọ bó ṣe gbóná tó, kí ẹ sì wo etí ìdérí yí ká bóyá gíríìsì ń yọ jáde. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, ẹ lè kọjú rẹ̀ sí òkè.